Eré Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ Ìwé Rẹ̀

Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹta

Wọ́n tún ti pa ìlú mi run. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo ní kí n sáré fún àwọn àgùntàn lómi, ìgbà tí mo máa fi padà dé, èéfín ni mo bá lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà pé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló pa mí run? Kí ni mo fi ṣe é? Kò sẹ́ni tó sọ. Eré burúkú, eré òṣì!

Begayim ló fi mí mọ̀ ọ́n. Òun ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, òun àti Tilek ọmọ mi ni wọ́n jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà. Mo lọ bi í ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá bóyá lẹ́tà kankan wá láti Mọ́síkò, níbi tí Tilek ti ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, Tilek wà láàyè. Mò ń rí i lójoojúmọ́."

Mo ní níbo? Ó ní nínú géèmù. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe é, Òkè Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é, Ẹṣin Dúdú sì ni orúkọ tí Tilek ń jẹ́ níbẹ̀. "Mo kọ̀wé sí i pé ìyá rẹ ń wá ọ. Kò fèsì. Ńṣe ló tilẹ̀kùn mọ́ mi, ìwé mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́."

Láti oṣù Kọkànlá tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i lórí fóònù ni nọ́ńbà rẹ̀ kò ti wọlé mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko. Mo ti ń rò pé bóyá ó ti kú sójú títì ni, àṣé ó jókòó síbì kan, ó ń ṣe géèmù! Ó ráyè ṣeré, kò ráyè pe ìyá tó bí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú géèmù ló sá sí, inú géèmù náà ni màá bá a.

Begayim ní orúkọ wo ni màá máa jẹ́ níbẹ̀. Mo ní kó kọ Inú-ń-Bí-Mi. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ karùn-ún

Mo bi Begayim pé ìwé ìlànà eré yìí dà. Ẹ̀rọ tí a fi ń yọ ọ̀rá kúrò lára wàrà, ìwé wà nínú páálí rẹ̀. Oògùn kòkòrò àgùntàn pàápàá ní ìwé, ó tún ní àwòrán.

"Kò sí ìwé, Ìyá. Àwọn tó jí géèmù yìí ṣe ti yí gbogbo òfin rẹ̀ padà. Ẹni tó bá mọ nǹkan kan, ńṣe ló ń fi í pamọ́. Tí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n, ta ni wọ́n á rí jẹ?"

"Báwo lèèyàn ṣe wá ń kọ́ ọ?"

"Wọ́n á pa yín, ẹ̀yin náà á wá mọ ohun tó pa yín."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi ní sísè ni, gbogbo wa ì bá ti jóná mọ́lé.

Ó sọ èyí tó mọ̀ fún mi. Gbogbo ènìyàn ló ní ìlú kan, ọkà, àti ọmọ ogun. Eré náà kì í sinmi, bí o bá sùn, ó ń lọ. Ìwé kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ààlà yín bá kan ara. Tilek sì wà ní àríwá pátápátá, àwọn ọba burúkú ló wà láàárín àwa méjèèjì, ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n á kó o jẹ.

Mo ní màá kọ ìwé náà fúnra mi nígbà náà. Ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọmọ àgùntàn ni mò ń lò yìí. Ojú ewé òsì fún àgùntàn, ọ̀tún fún géèmù.

Ọjọ́ kẹfà

Òtútù yìí á pa èèyàn. Omi inú korobá dì gbagidi kí n tó gbé e dé ọgbà. Ìdì koríko gbígbẹ kan ti di igba ó lé ọgbọ̀n owó som, ẹni tó ń tà á kò tiẹ̀ wo ojú mi nígbà tó ń dá iye.

Ọjọ́ kẹjọ

Bàbá Tilek wọlé, ó bá mi níwájú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bàtà ọgbà àgùntàn lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Tilek, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọmọ tí kò wá síbi ìrántí bàbá mi. Ọdún kan pé tí wọ́n sin ín, a pa ẹṣin, gbogbo abúlé At-Bashy wá jẹun, gbogbo ènìyàn ń bi mí pé ọmọ ọmọ olóògbé dà. Òun lo wá ń wá kiri nínú àpótí?"

Òun náà kò sùn dáadáa láti oṣù Kọkànlá, mo mọ̀ ọ́n. Tó bá gbọ́ tí ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, á kọ́kọ́ gbé ṣíbí sílẹ̀ kó tó máa bá jíjẹ rẹ̀ lọ. Agídí ọkùnrin! Ṣé èmi ni mo bí i nìkan ni?

Ọjọ́ kọkànlá

Mo ti mọ ohun tó ń pa mí, inú sì ń bí mi débi pé bírò mi ń ya ìwé.

Àpótí kékeré kan ló máa ń yọ: àwọn àjèjì dé ẹnu ibodè, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sùn, ṣé kí wọ́n wọlé? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èwo ni kí n tẹ̀? Ta ni wọ́n bí sí At-Bashy tó máa tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́? Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Begayim wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ mi. Ó yọjú wo ìlú mi, borsok, àkàrà ìyẹ̀fun wa, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá! Àlejò mọ́kànlélógójì?"

"Wọ́n kan ilẹ̀kùn ni."

"Wọ́n ń jẹ ọkà yín ni! Wọn ò ní lọ títí á fi tán. Ẹ ò rí i pé ebi ń lé àwọn ọmọ ogun yín sá? Kò sẹ́ni tó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni nínú géèmù yìí, kò sí ẹyọ ẹnìkan!"

"Ilé ta ni wọ́n ti tọ́ àwọn tí kì í gbàlejò?"

"Ìyá, kọ̀ǹpútà ló dá àwọn àlejò yẹn. Wọn kì í ṣe ènìyàn."

"Ìwọ náà kì í ṣe ará ilé yìí, o sì ti jẹ borsok mẹ́jọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í pé torí kí n lè rí ọmọ mi, ṣé mo gbọ́dọ̀ di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò nínú òtútù? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo pa kọ̀ǹpútà náà. Ìgbà tí mo fi tàn án lálẹ́, ìlú ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti lọ.

Ọjọ́ kejìlá

Ìyá ọkọ mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán lónìí, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Nígbà oko ìjọba, òun ni olórí àwọn darandaran fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọkùnrin ń sá tí wọ́n bá gbúròó ẹṣin rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹnu mélòó ló ń jẹun níbẹ̀ yẹn?"

"Mi ò kà á, Ìyá."

"Ọkà ńkọ́?"

"Mi ò kà á."

Ó wò mí títí ojú fi tì mí. "O ò ka ẹnu, o ò ka ọkà. Géèmù kọ́ ló pa ọ́ nígbà náà." Ó ní nígbà ogun, òun kéré, kò sí ìyẹ̀fun nínú ilé, ìyá òun kò sì lé àlejò kankan padà. Omi gbígbóná ló ń bù fún wọn, ó ń pè é ní tíì, àwọn náà ń pè é ní tíì, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sùn. "Máa gba àlejò, kò sẹ́ni tó ní kí o má gbà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbin ọkà."

Gbogbo ẹni tó mọ eré yìí, ọmọ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó jọ. Èmi ti gbin oko mẹ́rin láìní ọmọ ogun kan ṣoṣo. Kí wọ́n wá pa mí, ó ti mọ́ mi lára.

Bí ó ṣe ń padà sídìí àdògán ni ó sọ ọ́, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn: "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra. Ọ̀tún nìkan ni ìwọ lò lọ́jọ́ yẹn." Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ń pariwo sínú fóònù.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àgùntàn mẹ́rin bímọ. Ọ̀kan kú.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìlú kẹrin mi ti pé ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì kú.

Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìkookò Omsk kọ̀wé sí mi láàárọ̀: "Inú-ń-Bí-Mi, bọ̀ọ̀dá, kó ẹgbẹ̀rún àpò ọkà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ màá jó ọ." Bọ̀ọ̀dá! Mo dá a lóhùn pé mo ti fi ọ̀pá lé ìkookò gidi kúrò nínú ọgbà, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ nínú, kí ìwọ ìkookò orí kọ̀ǹpútà máa bọ̀.

Ó wá lóòótọ́. Mo gbé ọwọ́ lérí. Ọmọ ogun ogún péré ni mo ní, òun kó igba wá. Ni mo bá rí i tí àwọn àlejò mi ń gun orí odi! Gbogbo wọn, ọgọ́ta ó lé méje, àwọn oníṣòwò, àwọn arúgbó, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n lé e dànù. Mo pariwo débi pé ajá ń gbó níta.

Mo sáré pe Begayim. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe géèmù yìí, kò mọ̀ pé àlejò ń jà fún ilé tó bá ti jẹun. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ rí? Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Lónìí ni àlejò mi pé ọgọ́rùn-ún. Àpótí aláwọ̀ wúrà kan yọ, irú èyí tí n kò rí rí. Ó ní láti òní lọ, mo ti di Ilé Gbogbo Èrò, àti pé bí mo bá tú ìlú mi ká láti ṣí lọ síbòmíràn, fún ọjọ́ mẹ́ta kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn mí lójú ọ̀nà.

Begayim ka á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó di orí mú. "Ìyá, àwọn ọkùnrin ń gba ọdún méjì kí wọ́n tó jà dé àríwá. Ọdún méjì!"

Mo ní kó fi ibi tí wọ́n ti ń tú àgọ́ ká hàn mí. Ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa fi kọ́ mi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mélòó ni mo ti ń di àgọ́ wa sẹ́yìn ẹṣin tẹ̀lé àgùntàn gun òkè?

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kejì

Ọjọ́ kejì nínú mẹ́ta, yìnyín wá wó òpó iná lulẹ̀! Gbogbo abúlé ṣókùnkùn. Ìlú mi wà láàárín ilẹ̀ àwọn apànìyàn, ó di dandan kí n máa tọ́ka ọ̀nà fún un ní wákàtí méjì-méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dúró sójú kan. Mo bú yìnyín, mo bú òpó, mo bú ẹni tó gbẹ́ ihò òpó. Bàbá Tilek ló ní, láìwo ojú mi, "Géèmù yẹn, ṣé fóònù kì í ṣe é?"

Mo fi ẹsẹ̀ rin yìnyín tó dé orókún lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Orí fóònù Begayim ni a ti darí rẹ̀, a ń wo bátìrì tó ń lọ sílẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò wàrà. Ó ku ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí a dé.

Mo bi í nígbà tí a parí pé kí ló ń rí jẹ nínú wàhálà mi. Ó ní, "Èmi náà ń bínú sí i, Ìyá." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó wá lọ lu òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà obìnrin kan tó ti ń dúró.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo rí ìlú rẹ̀ lónìí.

Odi rẹ̀ ga. Ó ti fún gbogbo nǹkan lórúkọ. Odò ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ odò ẹ̀yìnkùlé wa, ọgbà ẹṣin rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ajá tí ọkọ̀ pa nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé ìṣọ́ tó ga jù níbẹ̀, orúkọ baba ọkọ mi ló fi sọ ọ́, orúkọ tí èmi ìyàwó ilé kò pè rí fún ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí.

Bàbá Tilek wá dúró lẹ́yìn mi. Ó ka orúkọ náà sókè, orúkọ bàbá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ sọ́gbà, kò wọlé wá jẹun ọ̀sán. Ọmọ tí kò wá síbi ìrántí bàbá àgbà rẹ̀ ló lọ kọ́ ilé ìṣọ́ fún un! Kí ni màá ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí o?

Ọjọ́ kẹwàá

Ààlà wa ti kan ara. Mo lè kọ̀wé sí i. Mo kọ "Tilek, èmi ìyá rẹ ni," mo sì pa á rẹ́. Tó bá tilẹ̀kùn mọ́ mi bó ṣe tì í mọ́ Begayim, ó parí nìyẹn.

Begayim ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ẹni tí wọ́n bá dó tì kò lè tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó dó tì í. Ó gbọ́dọ̀ ka ohun tí ẹni náà bá kọ sí i.

Ó dáa, màá dó tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dó ti ìlú, ilé ìṣọ́ tó ga jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọlù, ó gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ rẹ̀, kó tẹ "Kọlù ú." Ọwọ́ mi ò lọ. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Orúkọ tí mi ò lè fi ẹnu pè, ni kí n wá fi ọ̀kọ̀ gún?

Ìyá ọkọ mi bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní, "Olórí ilé wa ni, Ìyá. Òun ni Tilek fi sọ ilé ìṣọ́." Òun náà kò pe orúkọ yẹn rí, títí ọkùnrin náà fi kú. Ó rọra dìde, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́.

"Kò sí níbẹ̀ yẹn," ló wí. "Orí òkè ni mo sin ọkọ mi sí. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ọmọ yìí ò mọ ogun jà! Èmi àti àwọn àlejò mi kọlù ú ní ibodè ìlà-oòrùn, kó tó kó ọmọ ogun débẹ̀, mo ti wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó lọ́ra bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ó ń ya Begayim pàápàá lẹ́nu, ó ní Tilek tí òun mọ̀, ìka rẹ̀ yára ju tẹnikẹ́ni lọ. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí ó mutí. Mo ní ẹ̀kọ́ tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, géèmù á kọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo odi ìta ti wó. Ìlú inú nìkan ló kù. Ọmọ àgùntàn mọ́kànlélógún, méjì kú. Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi pé mò ń na ọmọ mi lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo yí ìlú inú ká láàárọ̀. Àpótí àdéhùn yọ: kí ni mo fẹ́ gbà kí n tó tú ìdótì ká? Àwọn ènìyàn máa ń bèèrè wúrà. Mo kọ ọ́ pé:

"Pe ìyá rẹ."

Ó fèsì: "Ta nìyẹn?"

"Pe ìyá rẹ."

"Ta ló rán ẹ? Mo lè fún ẹ ní ọkà, mo lè fún ẹ ní ẹṣin."

"Mi ò fẹ́ ẹṣin."

"Mi ò ní ohun tí mo lè sọ fún un."

Mo fi ọwọ́ lu tábìlì. Kò ní ohun tó lè sọ fún mi! Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé PÈ É, mo kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Nooruz, ọdún tuntun wa. A jọ ro sumolok, ẹ̀kọ ọdún náà, pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Kò pè.

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọgbà lẹ́yìn àgùntàn kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, ọwọ́ mi kún fún ẹ̀jẹ̀ títí dé ìgbúnwọ́, nígbà tí ìyá ọkọ mi tẹ ọ̀pá dé, ó gbé fóònù sí mi létí.

"Màmá."

"Ta nìyẹn?" ni mo wí. Mo mọ ẹni tó jẹ́. Ìbínú ló bá mi sọ ọ́.

"Tilek ni. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Màmá, wèrè kan ló dó tì mí nínú géèmù, ó ní òun ò ní lọ àfi tí mo bá pè yín. Inú-ń-Bí-Mi ló ń jẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo kàn rò pé bóyá nǹkan ṣe yín ni."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pa mí. Mo sì nà ọ́! Ìwọ tí o ti ń ṣe é láti kékeré, mo nà ọ́ ní ibodè méjèèjì, ojú ò tì ọ́? O lọ́ra bí ìgbín!"

"Ọwọ́ kan ni mo fi ń ṣe é, Màmá."

"Kí ló ṣe èkejì?"

Mo ti ń pariwo kí n tó gbọ́ ohun tí mo bèèrè. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ni, irin ńlá já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n gé e ní ọrùn ọwọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ó fẹ́ kí egbò náà jinná kó tó sọ fún wa.

"Ẹ wá pè mí nípa ìrántí Bàbá Àgbà. Mo ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ ní bí n kò bá wá, kí n má pè yín mọ́ láyé."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló rántí.

N kò rántí ohun tí mo wí lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá Tilek ló wá gba fóònù náà, ó ń sọ "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló parí gbígbẹ̀bí náà. Ọmọ àgùntàn náà yè.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ka ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kẹtàlá àti ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo fẹ́ fa àwọn ojú ewé náà ya. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo kọ wọ́n.

Inú ń bí mi sí ọ̀gá yẹn. Inú ń bí mi sí Tilek tó gba ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ gbọ́ bí ẹni gba òfin. Inú tó ń bí mi sí ara mi, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bọ́ọ̀sì Bishkek, olú-ìlú wa, máa gbéra láago mọ́kànlá, ọkọ̀ òfuurufú Mọ́síkò di ọ̀la. Bàbá Tilek á dúró ti àwọn àgùntàn, mẹ́sàn-án ló kù tí kò tíì bí. Begayim gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá níbi iṣẹ́, ó ní òun ń bá mi lọ, kò bi mí bóyá mo fẹ́. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì.

Ìyá ọkọ mi di kurut, ìyẹn wàrà gbígbẹ, àti ẹran gbígbẹ sínú aṣọ fún mi. Ó bi mí pé kí ni ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún un tí mo bá dé ibẹ̀, kí n má lọ bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Mo ní mi ò ní sọ nǹkan kan. Ńṣe ni màá ní kó tú aṣọ kúrò lára ọwọ́ náà, kí n rí i.